Porga: Abúlé etí odò tí igbó ìjọba, epo fàyàwọ́ àti ogun ti pàdé

JOS: Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2015, kìnnìún kan jáde kúrò nínú àhámọ́ rẹ̀ ní Jos Wildlife Park, ìbọn ni wọ́n sì fi dá a dúró. Jìnnìjìnnì bá ará ìlú, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé kìnnìún tó ń gbé inú igbó, tó ń fi èékánná ara rẹ̀ wá oúnjẹ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ọdún kan ṣáájú, ní 2014, Philipp Henschel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú jọ́nà PLoS ONE. Igbó ìjọba 21 ni wọ́n lọ yẹ̀ wò, mẹ́rin péré ni kìnnìún ṣẹ́kù sí. Gbogbo wọn pọ̀ kò ju nǹkan bí 400 lọ, àwọn tó ti dàgbà nínú wọn kò sì tó 250. Méjì nínú ibi mẹ́rin náà wà ní Nàìjíríà: Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, tó múlé ti ìpínlẹ̀ Plateau, àti Kainji ní ẹkùn Borgu. Ẹ̀kẹta ni Niokolo-Koba ní Senegal. Ẹ̀kẹrin ni àwọn igbó W, Arly àti Pendjari, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra wọn níbi tí Benin, Burkina Faso àti Niger ti pàdé. Níbẹ̀ nìkan ni nǹkan bí 350 nínú kìnnìún 400 yẹn wà. Ibẹ̀ náà ni erin ti pọ̀ jù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n fi bàálù kà wọ́n ní 2015, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000.

Ọ̀kan lára ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ igbó yìí ni Porga, abúlé kékeré kan létí odò Pendjari, ní ààlà Benin àti Burkina Faso. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ wo erin ló ń lọ síbẹ̀. Lónìí, ológun ló kún ibẹ̀. Ohun tó gbé Porga láti ibi ìrìn-àjò afẹ́ dé ojú ogun yẹ kó yé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Nàìjíríà, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

Níbo ni Porga wà?

Ẹni tó bá gbéra ní Cotonou, tó forí lé àríwá, yóò gba Ìdáàṣà, tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó, kọjá. Lẹ́yìn náà ni Savalou, Djougou àti Natitingou, kó tó dé Tanguiéta lẹ́sẹ̀ òkè Atacora. Láti Tanguiéta, títì náà fi igbó sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì gba àárín oko òwú, oko àgbàdo àti ti ọkà bàbà lọ tààrà sí Porga. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Benin parí sí. Abúlé Nadiagou ló wà lápá ti Burkina, ọ̀nà náà sì ń bá a lọ sí Pama àti Fada N'Gourma.

Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Matéri, ní ẹ̀ka ilẹ̀ Atacora, ni Porga wà. Àwọn Berba, tí èdè wọn ń jẹ́ Biali, àti àwọn Gourmantché ló pọ̀ jù lágbègbè náà, àwọn Fúlàní darandaran sì wà láàárín wọn. Àwọn Gourmantché kan náà ló wà ní òdìkejì ààlà: ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọmọ Benin, kí àbúrò jẹ́ ọmọ Burkina. Èyí kò ní ya àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Ìmẹ̀kọ lẹ́nu, nítorí ohun kan náà ni ààlà Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ìdílé tiwọn.

Ojú àwọn oníṣòwò Yorùbá pàápàá kì í ṣe àjèjì sí apá àríwá ilẹ̀ yẹn. Kí ìjọba Kofi Busia tó lé àwọn àjèjì kúrò ní Gánà ní ìparí 1969, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ló kún inú ọjà àríwá Gánà, àríwá ibi tí à ń pè ní Benin lónìí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà débẹ̀. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mìíràn ló forí lé Jos nígbà tí kùsà tánganran ń mówó wọlé.

Odò tó gba orílẹ̀-èdè mẹ́rin kọjá

Odò Pendjari kò rìn bí odò tó mọ ibi tó ń lọ. Inú òkè Atacora ní Benin gan-an ló ti ṣẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣàn lọ sí apá àríwá ìlà-oòrùn, bí ẹni pé odò Ọya ló ń wá lọ. Nígbà tó rìn jìnnà, ó yí po, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì di ààlà láàárín Benin àti Burkina Faso. Inú kọrọ tó fi yíyípo yìí ṣe ni páàkì Pendjari wà. Bó bá ti wọ Tógò, orúkọ rẹ̀ yí padà di Oti. Gánà ló ti tú gbogbo omi rẹ̀ sínú adágún Volta, tí ìsédò Akosombo dá sílẹ̀ ní 1965. Nítorí náà, òjò tó bá rọ̀ sí ẹ̀yìn ilé ará Porga wà lára omi tó ń yí ẹ̀rọ mànàmáná Akosombo, Gánà sì ti ń ta nínú iná náà fún Tógò àti Benin láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ará Jos mọ irú odò bẹ́ẹ̀. Orí òkè tiwọn náà ni omi ti ń pín yà: Gongola àti Kaduna ń wá ọ̀nà lọ sí Bẹ́núè àti Ọya, Delimi tó la ìlú Jos kọjá sì ń bá tirẹ̀ lọ síhà adágún Chad. Ẹni tó bá wà lórísun odò kì í sábà mọ iye èèyàn tó ń retí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Láàárín oṣù Kẹfà àti oṣù Kọkànlá, omi Pendjari á kún àkúnya, ọ̀nà inú páàkì á sì di ẹrẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà sẹ́yìn, á ku àwọn kòtò omi káàkiri, irú bí èyí tí wọ́n ń pè ní Bali. Erin, ẹfọ̀n, ẹtu àti kìnnìún á rọ́ wá síbẹ̀ nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè mu omi. Ìdí nìyẹn tí àkókò ẹ̀ẹ̀rùn fi jẹ́ àkókò àlejò. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn kan náà ni darandaran ń wá omi fún màlúù, tí ọdẹ ń wá ẹran, tí apẹja sì ń wá ẹja. Gbogbo wọn ń dù ibì kan náà, nínú oṣù kan náà.

Báwo ni igbó náà ṣe ṣófo?

Èèyàn lè rò pé igbó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣófo nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nǹkan méjì ló lé èèyàn kúrò.

Èkíní ni àìsàn. Ní etí àwọn odò tó ń ṣàn sínú Volta, eṣinṣin kékeré kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ máa ń yé ẹyin sí ibi tí omi bá ti ń sáré. Òun ló ń gbé kòkòrò tó ń fa ìfọ́jú etí odò kiri. Bí eṣinṣin bá ń jẹ èèyàn lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara á máa yún un, awọ ara rẹ̀ á gbó, ojú rẹ̀ á sì fọ́ nígbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ abúlé ló fi ilẹ̀ ọlọ́ràá etí odò sílẹ̀, wọ́n lọ ń tu ilẹ̀ olókùúta tó jìnnà sómi. Ní 1974, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Báńkì Àgbáyé pẹ̀lú àwọn alábàáṣe wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní orílẹ̀-èdè méje, Benin wà lára wọn: bàálù ń fọ́n oògùn sójú odò láti pa ìdin eṣinṣin náà, lẹ́yìn náà ni oògùn ivermectin dé fún àwọn èèyàn. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí ní 2002, nǹkan bí mílíọ̀nù 25 hẹ́kítà ilẹ̀ ló ti ṣeé gbé, tó sì ṣeé dáko sí padà.

Ìkejì ni ìjọba. Ní 1954, àwọn Faransé fi Pendjari ṣe ilẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣọdẹ bó ṣe wù ú. Ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà náà, sọ ọ́ di páàkì orílẹ̀-èdè. Àwọn abúlé tó wà nínú igbó ní láti kó jáde. Wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Tanguiéta sí Porga àti ti Tanguiéta sí Batia, wọ́n sì tò síbẹ̀ títí di òní. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn abúlé wọ̀nyẹn fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ lójú máàpù: ojúbọ àti itẹ́ òkú àwọn baba wọn wà nínú igbó lẹ́yìn wọn, títì wà níwájú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdààmú bẹ̀rẹ̀. Èèyàn ń pọ̀, oògùn ti lé eṣinṣin lọ, ilẹ̀ etí odò ti dára, ṣùgbọ́n òfin sọ pé ti erin ni. UNESCO ka Pendjari kún ilẹ̀ àbójútó àgbáyé ní 1986. Ní 2017, wọ́n so òun àti Arly pọ̀ mọ́ páàkì W nínú ìwé Ohun Àjogúnbá Àgbáyé. Iyì ńlá nìyẹn, àmọ́ iyì kì í kún ìkòkò.

Ohun tí wọ́n gbìyànjú ní Benin

Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú, Benin gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Jámánì, wọ́n dá ẹgbẹ́ abúlé sílẹ̀ yí páàkì ká, tí wọ́n ń pè ní AVIGREF. Àwọn abúlé náà ní ìpín nínú owó tí àwọn ọdẹ òkèèrè ń san kí wọ́n tó lè yìnbọn ní ilẹ̀ ọdẹ tó yí páàkì ká. Owó yẹn ni wọ́n fi ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n fi ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ abúlé tó mọ igbó ju ẹnikẹ́ni lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fìgbà kan dẹ ọdẹ ní bòńkẹ́lẹ́, di amọ̀nà àti ẹ̀ṣọ́. Wọ́n tún ya ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ́tọ̀ létí páàkì, tí àgbẹ̀ lè máa dáko sí.

A lè mọ bí èyí ṣe ṣe pàtàkì tó bí a bá tẹ̀ lé odò Pendjari kan náà wọ Tógò. Níbẹ̀, ní ayé Gnassingbé Eyadéma, ìjọba fi tipátipá lé àwọn ará abúlé kúrò ní ilẹ̀ Kéran àti Oti-Mandouri, ẹ̀ṣọ́ sì ń fojú wọn rí màbo. Erin ń jẹ oko, olóko kò gbọdọ̀ wí. Nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní 1990 tí ọwọ́ ìjọba rọ̀, àwọn èèyàn rọ́ wọ inú igbó. Wọ́n pa ẹran, wọ́n gé igi, wọ́n dáko síbi tó wù wọ́n, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹranko ńlá fi tán níbẹ̀. Odò kan náà ni, irú ẹranko kan náà ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà bá ará abúlé lò ni kò bára mu.

Ní 2017, ìjọba Patrice Talon gbé àkóso Pendjari fún African Parks, àjọ tí kò sí lábẹ́ ìjọba, tó ń bójú tó páàkì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ní 2020, páàkì W ti Benin náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ pọ̀ sí i, ohun èlò dé, ìṣọ́ sì le. Ó dára fún erin. Àmọ́ ohun tó dùn mọ́ ẹ̀ṣọ́ lè korò lẹ́nu ẹni tó ń da màlúù àti ẹni tó ń pẹja. Nígbà tí Kars de Bruijne ti ilé ìwádìí Clingendael ní Netherlands kọ ìròyìn rẹ̀ lórí àríwá Benin ní 2021, ìjà lórí ilẹ̀ àti ìbínú àwọn tó ń gbé etí páàkì wà lára ohun tó kìlọ̀ pé agbésùnmọ̀mí lè dì mú.

Epo kpayo àti ilẹ̀ tí kò ní àsíá

Ẹ̀gbẹ́ Porga ni ilẹ̀ kan wà tí Benin ń pè ní tirẹ̀, tí Burkina náà ń pè ní tirẹ̀. Koualou ni, tàbí Kourou, ó fẹ̀ tó kìlómítà 68 níbùú lóròó. Nígbà tí Faransé ń ṣàkóso Dahomey àti Haute-Volta, tó di Burkina Faso lónìí, ọ̀gá kan náà ló ni méjèèjì, kò sẹ́ni tó bìkítà ibi tí ìlà gbà gan-an. Òmìnira 1960 ló sọ ìlà ìwé di ààlà orílẹ̀-èdè. Láàárín 2008 àti 2009, ìjọba méjèèjì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ri àsíá mọ́lẹ̀ níbẹ̀, àti pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní kọ́sítọ́ọ̀mù, tí kò ní ọlọ́pàá, di ọjà fàyàwọ́. Ọjà tó sì ń tà jù níbẹ̀ wá láti Nàìjíríà: epo bẹntiróòlù. Ní Benin, kpayo ni wọ́n ń pe epo fàyàwọ́ wa, inú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ti ń tà á létí títì. Títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo Nàìjíríà rọ̀ lọ́jà ju ti gbogbo àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Láti ẹnu ibodè wa, yóò kọjá àárín Benin, yóò dé Porga, ọlọ́kadà á di kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, yóò gba Koualou wọ Burkina, ó tiẹ̀ lè jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sìgá, oògùn àti ọ̀kadà tuntun náà ń gba ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Porga ló jẹun nídìí òwò yìí. Ṣùgbọ́n agbésùnmọ̀mí náà kò lè rìn láìsí ọ̀kadà, ọ̀kadà kò sì lè rìn láìsí epo. Nígbà tí wọ́n gba igbó ìlà-oòrùn Burkina, ojú ọ̀nà tí ọjà ń gbà ni wọ́n jókòó sí. Bí Nàìjíríà ṣe san owó ìrànwọ́ fún epo tí kò jó nínú ọkọ̀ tiwa nìyẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láti 2019?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2019, wọ́n jí ọmọ Faransé méjì tó wá wo ẹranko gbé nínú páàkì Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn rìn. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ ogun Faransé gbà wọ́n sílẹ̀ ní Burkina Faso pẹ̀lú obìnrin méjì mìíràn. Ọmọ ogun méjì kú níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún Pendjari. Ilé ìtura ṣófo, amọ̀nà pàdánù iṣẹ́, owó tó ń dé abúlé já.

Ní alẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 2021, wọ́n kọlu àgọ́ ọmọ ogun ní Porga fúnra rẹ̀. Ọmọ ogun méjì ló kú. Ìkọlù yẹn wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí agbésùnmọ̀mí ṣe sí ọmọ ogun Benin lórí ilẹ̀ Benin. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba dá ikọ̀ Mirador sílẹ̀, wọ́n sì kó nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun lọ sí àríwá. Ní oṣù Kejì 2022, bọ́ǹbù tí wọ́n rì sójú ọ̀nà ní páàkì W pa ó kéré tán èèyàn mẹ́jọ. Ẹ̀ṣọ́ igbó pọ̀ nínú wọn, olùkọ́ wọn tó jẹ́ ọmọ Faransé sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, bọ́ǹbù mìíràn pa ọmọ ogun márùn-ún ní Pendjari.

Ọdún 2025 ló burú jù. Ní oṣù Kìíní, ọmọ ogun tó lé ní 20 kú nítòsí ibi tí orílẹ̀-èdè mẹ́ta ti pàdé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, 54 ló kú ní páàkì W lọ́jọ́ kan ṣoṣo; ìjọba Benin ló kéde iye náà. Ẹgbẹ́ JNIM, tó so mọ́ al-Qaeda, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mali ní 2017, sọ pé òun ló ṣe é.

Òṣèlú sì ba ìfọwọ́sowọ́pọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Burkina ní 2022 àti ní Niger ní 2023, àwọn méjèèjì àti Mali dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025. Captain Ibrahim Traoré, olórí ìjọba ológun Burkina, fẹ̀sùn kan Benin pé ó gba ọmọ ogun Faransé sílé; Benin ní irọ́ ni. Ìjọba mẹ́ta ló ni igbó kan ṣoṣo, wọn kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá yìnbọn lápá kan lè sá gba etí odò kọjá sí apá kejì, kí ọmọ ogun tó ń lé e dúró létí omi.

Kí ló dé tó fi jẹ́ páàkì ni wọ́n ń wá?

Ìdí àkọ́kọ́ hàn sójú: igi bo ilẹ̀, ojú bàálù kò ríran wọlé, ọ̀nà kò pọ̀, abúlé kò sí. Omi wà, ẹran wà. Bí òjò bá sì dé, ọkọ̀ ológun á rì sínú ẹrẹ̀, ọ̀kadà á máa lọ.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìlà-oòrùn Burkina, láti nǹkan bí 2018, nígbà tí agbésùnmọ̀mí lé àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lọ, wọ́n sọ fún ará abúlé pé ẹni tó bá fẹ́ ṣọdẹ kó ṣọdẹ, ẹni tó bá fẹ́ pẹja kó pẹja, ẹni tó ní màlúù kó dà á wọlé, ẹni tó ń wa góòlù kó máa wà á. Ohun tí ìjọba fi òfin gbà ní ọwọ́ wọn fún àádọ́ta ọdún ni àwọn yẹn dá padà ní ọjọ́ kan. Ọ̀fẹ́ yẹn ní owó tirẹ̀, nítorí wọ́n padà ń gba owó orí, wọ́n ń pa ẹni tí wọ́n bá fura sí, wọ́n sì ń ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ọ̀pọ̀ ará Burkina ló sá kọjá wá sí Matéri àti Tanguiéta. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí àǹfààní kankan lára igbó kì í ní ìdí pàtàkì láti lọ sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé òun rí àjèjì níbẹ̀.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Igbó tó fẹ̀ tó Pendjari kò ṣeé fi ọmọ ogun yí ká tán. Àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rí àjèjì. Wọ́n lè kígbe, wọ́n sì lè dákẹ́. Bí wọ́n bá ní ìpín nínú igbó, wọ́n á kígbe.

Ó ti dé Kainji

Láti páàkì W, ilẹ̀ Borgu ni ó kàn, Kainji sì wà lápá tiwa nínú Borgu. Páàkì yìí wà ní ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara. Ní oṣù Kẹfà 2024, Clingendael tẹ ìwádìí mìíràn jáde tó fi hàn pé agbésùnmọ̀mí láti Sahel ti wà nínú páàkì Kainji. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Nuhu Ribadu, olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, kéde pé ọwọ́ ti tẹ olórí ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí Ansaru méjì; agbègbè Kainji ni ọ̀kan nínú wọn fi ṣe ibùgbé. Ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún náà, JNIM sọ pé òun ti ṣe ìkọlù òun àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tó bá mọ Kaiama ní Kwara mọ̀ pé Kíṣí àti Ìgbòho kò jìnnà síbẹ̀, Páàkì Ọ̀yọ́ Ilé sì wà lágbègbè náà.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà ní Plateau?

Ìpínlẹ̀ Plateau mọ ohun tí igbó tí kò ní olùṣọ́ lè dà. Ará Wase àti Kanam ti rí i pé àwọn tó ń kọlu abúlé ń fi igbó ṣe ilé. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ rere náà kò jìnnà.

Ní Laminga, lẹ́yìn ìlú Jos, igbó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Amurum. Láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé, ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis, tó ń bá Yunifásítì Jos ṣiṣẹ́, ti wà nínú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ibi ní Áfíríkà ń wá síbẹ̀ kọ́ nípa ẹyẹ. Ẹyẹ pupa kékeré kan wà láàárín àpáta ibẹ̀ tí sáyẹ́ǹsì kò fún ní orúkọ títí di 1998. Inú ilẹ̀ àwọn ará Laminga ni igbó yìí wà, àdéhùn pẹ̀lú wọn ló sì mú kó ṣeé dá sí. Ó ti la àwọn ọdún rògbòdìyàn Jos já láìparun.

Ní Yankari náà, erin máa ń jáde nígbà òjò lọ jẹ oko àwọn ará abúlé. Láti 2014 ni àjọ Wildlife Conservation Society ti ń bá ìjọba Bauchi ṣọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn sí oko fún ọ̀sẹ̀ kan kó má bàa pàdánù ọkà rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ erin kì í ṣe eré. Bí ìjọba bá fẹ́ kó fara mọ́ erin, kí ìjọba náà fara mọ́ oko rẹ̀, kó san owó ohun tí erin jẹ, kó sì san án kí ebi tó dé.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí Nàìjíríà mú lọ́wọ́ Porga. Èkíní: kí ìpín àwọn abúlé etí páàkì nínú iṣẹ́ àti owó wà nínú òfin, kó má jẹ́ àánú ọ̀gá kan. Ìkejì: kí wọ́n má ti ọ̀nà tí èèyàn fi ń jẹun pa, ìbáà ṣe ọdẹ, ìbáà ṣe fàyàwọ́, láìkọ́kọ́ la òmíràn. Ìkẹta: kí ìjọba Nàìjíríà àti ti Benin jọ máa ṣọ́ Borgu. Apá wa nínú ọ̀rọ̀ yìí kò le tó ti Burkina, nítorí àwa àti Benin ṣì wà nínú ECOWAS, a sì ń bára wa sọ̀rọ̀. Benin ní ọdún méjì ààbọ̀ láàárín ìjínigbé Pendjari àti ìkọlù Porga láti fi múra sílẹ̀. Kò dájú pé tiwa yóò tó bẹ́ẹ̀.